Ìbọn Bàbá Rẹ Kò Gbọdọ̀ Wọ Ọkọ̀ Òfuurufú Lọ́jọ́bọ̀

Ìfọ̀,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Kábírù, Àlàó ọkọ mi,

Mo mọ̀ pé wàá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí Rọ́fíà àbúrò rẹ bá fún ọ ní ìwé yìí. Wàá ní ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí, nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ọkọ mi, fóònù náà ló fà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè ọ́ láti àná, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta lo sì ní, "Mọ́mì, mo ti gbọ́," kí n tó sọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọmọ tó ti gbọ́ kí ìyá rẹ̀ tó wí, kí ló tún kù tó fẹ́ gbọ́? Ìwé ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé ní Ìfọ̀ níbí, bíírò ò tíì di ẹrù lọ́wọ́ mi. Jókòó, kó o kà á tán. Má kà á lórí ìdúró, má sì kà á níwájú Táíwò ọ̀rẹ́ rẹ.

Ọ̀rọ̀ ìbọn bàbá rẹ ni. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí lo fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Yola, níbi tí iṣẹ́ tuntun rẹ wà. O sọ fún mi lánàá pé ìbọn náà á bá ọ lọ, nínú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ikùn ọkọ̀, àti pé láísẹ́ǹsì bàbá rẹ lo máa fi hàn wọ́n. Kábírù, bàbá rẹ ti kú. Ó ti lé lọ́dún kan tí a ti sin ín. Òkú kì í ní láísẹ́ǹsì. Bó o bá gbé ìwé òkú dúró níwájú àwọn ọlọ́pàá pápákọ̀ òfuurufú, tó o ní ìwọ ni ẹni tó wà lórí rẹ̀, ibi tí wọ́n máa mú ọ lọ kì í ṣe Yola. Ohun tí mo fẹ́ sọ lórí fóònù nìyẹn, tó o ń sọ pé o ti gbọ́.

Má rò pé inú mi ò dùn sí iṣẹ́ yìí. Ó dùn débi pé mi ò lè sọ ọ́ tán. Ọdún mẹ́fà lo fi tọ́jú adìẹ aládìẹ ní Mówè, tó ò ń ti Ìbàfò lọ láràárọ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ń rùn, tí ìyàwó rẹ Ṣàkírà ń fi ọṣẹ dúdú bá a jà. Kí wọ́n wá pè ọ́ kó o wá máa ṣe alákòóso oko ńlá, kí wọ́n fún ọ nílé, kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́ sí ọ, mo ti forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run lórí ẹ̀ títí iwájú orí mi fi ń dán. Nítorí iṣẹ́ yìí gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ọ̀nà tó o fẹ́ gbà débẹ̀ ló ń dẹ́rù bà mí.

Jẹ́ n rán ọ létí bí àná ṣe rí. O jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ìbọn ẹlẹ́nu méjì náà wà lórí itan rẹ, ò ń fi àkísà olóróró nù ún bí bàbá rẹ ṣe máa ń nù ún. Táíwò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ó ń jẹ ẹ̀pà mi. Mo bi ọ́ pé, "Àlàó, ìwé wo lo fẹ́ fi hàn wọ́n?"

O ní, "Mọ́mì, ti Dádì náà ni. Dádì ń jẹ́ Kàsímù, èmi ń jẹ́ Kábírù. K. A. làwọn, K. A. lèmi. Súnẹ́mù kan náà. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Táíwò ní, "Fọ́tò yẹn gan-an ti ṣá, Mọ́mì. Ẹ wò ó, ojú kan náà ni. Gbogbo Ìfọ̀ ló ń sọ pé Dádì ló tún ayé wá."

Mo ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ìbọn ni o. Kì í ṣe ìwé ìdánwò tí ẹ máa jọ wò."

Ìgbà náà lo sọ̀rọ̀ tó gún mi lọ́kàn. O ní, "Mọ́mì, àwọn ọdẹ ló gbé e lé mi lọ́wọ́, níṣojú gbogbo ayé. Kí ni ìwé tún fẹ́ ṣe lórí ẹ̀?"

Mo dákẹ́. Mo bu omi fún Táíwò, mo wọlé lọ, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́ nígbà tó o gbé ìbọn náà padà sínú àpótí irin tó wà ní yàrá bàbá rẹ, tó o ní o máa wá mú un lọ́jọ́rú. Mi ò jáde. Ìdákẹ́ yẹn ló ń jẹ mí níyà láti àná, torí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa dákẹ́ níbi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Màá sọ ti àkọ́kọ́ fún ọ. Bàbá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n nínú ilé yìí, ó sì gbé e lọ láìsọ.

A kò tíì bí ọ nígbà náà. Ọdún kẹta tí mo wọlé bàbá rẹ ni bàbá mi, tó ń ta obì, ní kí n lọ sí Mẹ́kà. Mi ò ní báàgì tó dáa. Bàbá rẹ ní ọ̀kan, aláwọ̀ ewé, tó nípọn, tó máa ń gbé lọ sí àgọ́ ọdẹ, ó sì ní kí n máa lò ó. Wàyí o, láti ọjọ́ tí mo ti di ìyàwó ọdẹ ni ìyá ọkọ mi ti kìlọ̀ fún mi pé obìnrin kì í ki ọwọ́ bọ àpò ọdẹ. Bí o bá fẹ́ fọ̀ ọ́, pe ọkọ rẹ kó wá kó ohun tó wà níbẹ̀. Bàbá rẹ kó ohun tó rántí. Àpò kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú báàgì náà tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Nígbà tí mo ń to aṣọ mi, ọwọ́ mi kan nǹkan líle níbẹ̀ láti òkè aṣọ. Kábírù, ọwọ́ mi kàn án. Mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Mo ní obìnrin kì í ki ọwọ́ bọ àpò ọdẹ, mo sì to aṣọ lé e lórí.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ dàgbà, Sídíkátù. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ lọ́dún yẹn. Báàgì tirẹ̀ já létí lọ́jọ́ tó ku ọ̀la ká lọ, mo ní kó wá kó aṣọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ tèmi. Nítorí pé òun ló kó tirẹ̀ sí i kẹ́yìn, aṣọ rẹ̀ ló wà lókè.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tú ẹrù wa ní pápákọ̀ nígbà yẹn. Ọkùnrin tó ń tú tiwa kó aṣọ sí apá kan, ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ó sì mú ọta ìbọn pupa mẹ́ta jáde. Ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó ní, "Ta ló ni báàgì yìí?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó mú ìró tó wà lókè, ó ní, "Ta ló ni aṣọ yìí ńkọ́?"

Sídíkátù ní, "Èmi ni mo ni aṣọ, sà." Ó wá wojú mi. Ó ń dúró kí n sọ ìyókù.

Ọkọ mi, mi ò sọ ìyókù. Àdúà tí mo há sórí fún Mẹ́kà kún ẹnu mi, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá la ẹnu, wọn ò ní jẹ́ kí n lọ, bàbá mi á sì kú láìrí mi gẹ́gẹ́ bí Àlháajà. Wọ́n mú Sídíkátù gba ẹnu ọ̀nà kan lọ. Kò sunkún, kò tọ́ka sí mi, ó kàn ń wẹ̀yìn. Èmi wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi dá a dúró, kí ìròyìn tó dé Ìfọ̀, kí bàbá rẹ tó gbé láísẹ́ǹsì rẹ̀ lọ síbẹ̀ láti sọ pé òun ló ni báàgì, òun ló ni ọta. Wọ́n fi Sídíkátù sílẹ̀. Ọkọ̀ àwọn alálàájì ti lọ tán. Kò dé Mẹ́kà lọ́dún yẹn, kò sì tíì débẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Èmi dé ibẹ̀. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń yí Káábà po, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni, wọ́n ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn.

Nígbà tí mo padà dé, mo lọ kúnlẹ̀ fún un. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́, kò sì dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Sàádátù, ọta mẹ́ta yẹn ò wúwo. Ẹnu rẹ ló wúwo." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú Asese ló wà báyìí lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe mẹkáníìkì. A máa ń kí ara wa, a ń bára wa ṣe ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ. Ó ń pè mí ní Àlháajà bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè mí, kò sì sí ìgbà kan tó pè mí bẹ́ẹ̀ tí ojú kì í tì mí.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún ọ nìyí. Màá to ohun tí mo rí fà yọ nínú rẹ̀, bí mo ṣe ń to iṣẹ́ sára pátákó nígbà kan, ṣùgbọ́n bí mo bá yà kúrò lójú ọ̀nà, fara dà á. Àgbà ti ń dé.

Èkíní, ọ̀rọ̀ báàgì. Báàgì yòówù tó o bá fẹ́ gbé lọ́jọ́bọ̀, ì báà jẹ́ tìrẹ, ì báà jẹ́ èyí tó o yá, dojú rẹ̀ délẹ̀, kó o gbọ̀n ọ́n. Fi ọwọ́ wá gbogbo àpò rẹ̀, tinú tòde. Jákẹ́ẹ̀tì tó o máa ń wọ̀ lọ pa ọ̀yà lẹ́yìn Mówè, fi í sílẹ̀ fún Ṣàkírà, má gbé e dé pápákọ̀ rárá. Èèpo ọta lásán, tí kò lè pa eéṣú, ó tó láti dá ọ dúró níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Lóde òní, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wo inú ẹrù, ẹ̀rọ náà kò sì mọ̀ pé obìnrin kì í ki ọwọ́ bọ àpò ọdẹ. Ní kí Ṣàkírà bá ọ tú u lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá ní ìyá ẹnì kan ti sọ fún òun pé èèwọ̀ ni, sọ fún un pé ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbà á láyè.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ìwé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ fìdáù bàbá rẹ. A ti jẹ sàárà tán nígbà tí àwọn ọdẹ dé. Wọ́n mú ọ dúró sáàárín, Olúọ́dẹ gbé ìbọn náà lé ọ lọ́wọ́, ó ní ohun tí bàbá bá gbé kalẹ̀, ọmọ ni í gbé e ró. Omijé bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ohun tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ìjọba ò sí níbi fìdáù. Ohun tí àwọn ọdẹ ṣe sọ ọ́ di àrólé bàbá rẹ, kò sọ ọ́ di ẹni tí ọlọ́pàá mọ̀ mọ́ ìbọn. Rántí ọ̀kadà bàbá rẹ. Ọjọ́ tí a pín ogún ló di tìrẹ, síbẹ̀ o lọ yí ìwé rẹ̀ padà kó o tó gbé e sí títì. Ta ló wá sọ fún ọ pé ọ̀kadà ju ìbọn lọ?

Àti ọ̀rọ̀ K. A. tí ẹ ń fi rẹ́rìn-ín yẹn. Mo ti kọ́ ọmọ méjì rí ní kíláàsì kan náà tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan, mo sì mọ ẹni tó ni òdo nínú wọn. Bí èmi tíṣà abúlé bá lè mọ̀ ọ́n, àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyẹn á mọ̀ ọ́n. Wọ́n á wo ọjọ́ ìbí tó wà lórí ìwé, wọ́n á wo ojú rẹ. Ọjọ́ orí bàbá rẹ kò sí lójú rẹ, bó ti wù kẹ́ ẹ jọra tó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tìrẹ ò tiẹ̀ ní pé wákàtí kan.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọjọ́ iwájú, torí mi ò sọ pé kó o má ní ìbọn láyé rẹ. Ọmọ ọdẹ ni ọ́. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ìwé náà máa jẹ́ orúkọ ara rẹ, tí wàá sì fẹ́ gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú. Mo pe ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní ìwé kẹrin, tó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ìdí ẹrù ní pápákọ̀, mo ní kó sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní kí èèyàn kọ́kọ́ pe àwọn tó ni ọkọ̀ kó tó kúrò nílé, torí àwọn kan kì í gbé ìbọn rárá. Bí wọ́n bá gbà, kó tètè dé, kó má ṣe dé nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ. Kí ìbọn ṣófo, kó wà nínú àpótí líle tí a tì pa, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kí ọta wà lọ́tọ̀ nínú páálí tirẹ̀. Kí ọ̀kankan má ṣe sí nínú báàgì tí èèyàn ń gbé wọ inú ọkọ̀. Ó wá ní, "Àńtí, èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹni náà fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ níbi tó ti fẹ́ já ẹrù sílẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni bi í, kó sì kó gbogbo ìwé ẹ̀ fún ọlọ́pàá." Bó o bá sì dé ìpínlẹ̀ tó ò ń lọ, o ní láti lọ fi ara hàn àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ náà.

Kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, kó tó di pé ẹnikẹ́ni bi í. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, mo ní kó dúró ná, mo lọ mu omi.

Mi ò ka èyí tó kàn mọ́. Mo mọ ohun tó ń lé ọ. O ti sọ fún ọ̀gá tuntun rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò pé o ní ìbọn, torí ó ní àwọn ọ̀bọ àti ìmàdò ń jẹ àgbàdo òun run. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé bó o bá dé lọ́wọ́ òfo, wọ́n á ní irọ́ lo pa. Ṣàkírà ló sọ fún mi, má bá a jà. Ọkọ mi, ọ̀gá rẹ ní bó o bá ní ìbọn tó ní ìwé, kó o mú un wá. "Tó ní ìwé" wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìwọ lo fò ó. Pè é. Sọ pé, "Sà, ìbọn bàbá mi ni, wọ́n ti kú, ìwé ò tíì jẹ́ orúkọ mi, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é." Bó bá bá ọ wí, gba ìbáwí. Àwọn ọ̀bọ rẹ̀ ti ń jẹ àgbàdo kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ rẹ, wọ́n á ní sùúrù dè ọ́.

Ní ti Táíwò, ọmọ dáadáa ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n kò ní bá ọ wọ ọkọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ẹni tí kò ní bá ọ dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa le, má fi gbogbo etí gbọ́ tirẹ̀.

Mo fẹ́ gbà ọ́ níyànjú lórí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, pé kó o kọ́ èdè wọn, kó o má máa fi ojú àjèjì wo oúnjẹ wọn, kó o máa pe Ṣàkírà àti ọmọ yín lójoojúmọ́ bó ti wù kó rẹ̀ ọ́ tó. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ojú sókè, ilẹ̀kùn yàrá bàbá rẹ ni mò ń wò. Jẹ́ n dúró níbí ná.

*

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Kábírù, mo sọ pé kí n dúró, mo sì rò pé ìwé yìí á tó. Ní àná, ọjọ́ Ajé, bí mo ṣe kírun Àsùbáà tán, mo mọ̀ pé kò ní tó. Wàá kà á, wàá ní ìyá mi ń bẹ̀rù jù, wàá wá lọ́jọ́rú, wàá gbé e, èmi á sì tún lọ bu omi fún Táíwò. Mo mọ ara mi. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ń gbé, ìwọ ti di géńdé, o ò ṣípá mọ́, apá mi ò sì ká ọ láti fi ipá dì ọ́ mú.

Nítorí náà mo wọ híjáàbù mi, mo mú láísẹ́ǹsì bàbá rẹ àti ìwé ikú rẹ̀, mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mi ò gbé ìbọn dání o. Mi ò ní í dá ẹ̀ṣẹ̀ kan torí kí n má dá òmíràn. Mo dúró ní kọ́ńtà, mo tẹ́ ìwé méjèèjì síbẹ̀. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kéré sí ọ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jókòó. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Ìbọn ọkọ mi wà nílé. Ọkọ mi ti kú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá gbé e."

Ó wo ìwé náà, ó wo ìwé ikú. Ó ní, "Ó ti lé lọ́dún kan, Mọ́mì. Ta ló ń lò ó látìgbà yẹn?"

Mo mọ ìbéèrè yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tó máa tún bi mí. Mo ní, "Èmi ni mo gbé e sílé mi, èmi ni mo sì jẹ̀bi. Ọmọ mi Kábírù ni àrólé. Ó fẹ́ gbé e rìnrìn àjò lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú ìwé bàbá ẹ̀, mo ní kò gbọdọ̀. Ó fẹ́ gba ìwé ara ẹ̀. Ẹ sọ bó ṣe máa ṣe é fún wa."

Bẹ́ẹ̀ ni, mo dárúkọ rẹ. Mo mọ̀ pé wàá bínú síbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ọkùnrin náà wò mí títí, tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka Kúlúùwàlláhù nínú. Ó wá ní, "Ó yẹ kẹ́ ẹ ti wá látijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti wá báyìí, ó yàtọ̀ sí kó jẹ́ àwa la wá bá yín."

Méjì nínú wọn ló fi ọkọ̀ wọn tẹ̀ lé mi wálé. Gbogbo àdúgbò jáde. Ìyá Àfúsá láti òdìkejì sáré wá, ó ní, "Àlháajà, ṣé kò sí o? Ta ni wọ́n wá mú?" Mo ní kò sẹ́ni tí wọ́n wá mú, ìbọn bàbá Kábírù ni wọ́n wá gbé. Ó dúró, kò mọ ohun tó máa ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò ní ìpamọ́ nínú. Wọ́n ṣí àpótí irin, wọ́n wo ẹnu ìbọn méjèèjì bóyá ó ṣófo, wọ́n kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ka ọta lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, mo rí ibi tí ọwọ́ bàbá rẹ ti mú ìdí rẹ̀ dán, mo sì sunkún bíi pé ọjọ́ tó kú ni.

Láti ibẹ̀ ni mo lọ bá Olúọ́dẹ. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ní, "Ẹ ò bá ti wí fún wa kẹ́ ẹ tó lọ." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun gbà, pé kó o wá rí òun kó o tó lọ, òun á sọ orúkọ ọdẹ méjì tí ìwé tiwọn pé, wọ́n á ṣàlàyé bí wọ́n ṣe gbà á.

Ẹ̀dà ìwé tí àwọn ọlọ́pàá fún mi wà nínú àpòòwé yìí. Tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní kó o wá fúnra rẹ lọ́jọ́rú, aago mẹ́wàá àárọ̀, kó o mú fọ́tò àti káàdì ìdánimọ̀ rẹ dání, kí wọ́n lè sọ bó o ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ gbogbo ohun tí wọ́n máa bi ọ́, mi ò sì ní í purọ́ fún ọ pé ọkàn mi balẹ̀ lórí ẹ̀. Àmọ́ o ò ní dá lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni màá jókòó sí, ohun tó bá jẹ́ ẹ̀bi mi níbẹ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ dáhùn sí i.

Mo mọ̀ pé inú rẹ ò dùn bó o ṣe ń ka ibí yìí. Má fi fóònù bínú sí mi. Wá sí Ìfọ̀, kó o wá bínú níwájú mi. Sọ gbogbo ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ, sọ pé mo dójú tì ọ́, pé mo ta ogún bàbá rẹ, kó o jẹun, kó o sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè bó bá wù ọ́. Mo lè fara da ariwo ọmọ mi nínú pálọ̀ mi láti àárọ̀ di alẹ́. Ohun tí mi ò lè fara dà ni kí n wà nílé níbí lọ́jọ́bọ̀, kí n máa ka wákàtí pé ó ti yẹ kó o balẹ̀ ní Yola, kí fóònù wá dún, kó má jẹ́ ìwọ ló ń pè.

Ìyá rẹ,
Sàádátù.